Páńkéèkì tiwa, páńkéèkì tiwọn: bí mo ṣe ń dín ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó ń dùn mí lọ́kàn ká tó fọwọ́ kan fláwà rárá. Páńkéèkì tí àwọn ìyá wa ń dín fún wa nílé, èyí tó fẹ́lẹ́, tó ní àlùbọ́sà àti ata rodo díẹ̀ nínú, tó sì tún dùn, kì í ṣe páńkéèkì Amẹ́ríkà tó bàjẹ́ o. Mò ń sọ ọ́ torí pé mo ti rí àwọn èèyàn tó jẹ́ pé wọ́n á wo fídíò tán lórí fóònù, wọ́n á rí ti òyìnbó tó wú bíi tìmùtìmù, wọ́n á wá máa da béékìn páódà sínú tiwa kó lè wú, kò ní wú tó ti òyìnbó, kò sì ní fẹ́lẹ́ bíi tiwa mọ́, á kàn dà bíi búrẹ́dì tí èèyàn jókòó lé lórí. Nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ọjọ́ tí èèyàn ń fẹ́ ọ̀kan yàtọ̀ sí ọjọ́ tó ń fẹ́ èkejì.

Ní tèmi, ọjọ́ òjò ni tiwa yẹn. Nílé wa n'Íbàdàn, tí òjò bá ti ṣú lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí iná sì ti lọ, ìyá wa á ní ká gbé láńtà wá sí kíṣìnì. Èyí tó máa ń bọ́ sí i jù ni pé oṣù ti ń lọ sópin, owó ò tíì wọlé, kò sí ẹran, kò sí ẹja, àmọ́ fláwà díẹ̀ máa ń kù nínú ike, ẹyin méjì máa ń wà, mílíìkì ẹlẹ́bu máa ń wà níbì kan tó fi pa mọ́ fún wa. Àwa ọmọ mẹ́rin á wá to ara wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, bó ṣe ń kúrò nínú páànù ló ń bọ́ sọ́wọ́ wa, á máa jó wa lọ́wọ́, a ó máa fẹ́ ẹ lẹ́nu, a ó máa jà sí èyí tí etí ẹ̀ gan. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé oúnjẹ ló tán nílé. Àríyá ni mo rò pé à ń ṣe.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

Páànù kọ́kọ́, ká tó kan fláwà

Páànù àti iná ló ń ba páńkéèkì jẹ́ jù, fláwà ò ṣẹ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá ní páànù irin dúdú tó wúwo, òun ló dáa jù, torí ó máa ń di ooru mú, kì í gbóná lápá kan kó tutù lápá kejì. Èyí tí kì í lẹ̀, tí wọ́n ń pè ní nonstick, òun náà dáa, ẹ kàn má fi fóòkì irin họ ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Tó bá jẹ́ fúráìpáànù àlúmínì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ọjà yẹn lẹ ní, ẹ má bara jẹ́, òun nìyá mi lò títí tá a fi dàgbà, iná kékeré ló kàn ń fẹ́, kẹ́ ẹ sì máa yí i díẹ̀díẹ̀ lórí iná kí ojú kan má bàa jóná.

Èyí tó tún kù ni òróró. Òróró tó pọ̀ jù máa ń sọ páńkéèkì di nǹkan míì, etí ẹ̀ á gan, àárín ẹ̀ á máa yọ̀ bíi ti àkàrà. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí: ẹ la àlùbọ́sà kan sí méjì, ẹ fi fóòkì gún ẹ̀yìn ìlàjì kan, ẹ ti ojú ibi tẹ́ ẹ gé bọ òróró díẹ̀, kẹ́ ẹ fi pa inú páànù yíká. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òróró á kárí, kò ní pọ̀ jù, òórùn àlùbọ́sà yẹn á sì ti pe àwọn ará ilé wá kẹ́ ẹ tó dín ẹyọ kan tán.

Kọ́ọ̀pù tí mo bá ń dárúkọ, èyí tó ń gba 250ml ni. Tẹ́ ẹ ò bá ní, agolo mílíìkì kan àtààbọ̀ sún mọ́ ọn. Kọ́ọ̀pù fláwà kan máa ń tó gíráàmù 125, tẹ́ ẹ bá rọra bù ú láì kì í mọ́lẹ̀. Ṣíbí ńlá ni èyí tá a fi ń jẹ ìrẹsì, ṣíbí kékeré ni ti tíì. Kẹ́ ẹ sì jọ̀ fláwà yẹn o, pàápàá tó bá ti pẹ́ nílé, ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ń gbé inú fláwà tó bá pẹ́.

Tiwa: èyí tó fẹ́lẹ́, tó ní ata

Fún èèyàn mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ bu fláwà kọ́ọ̀pù méjì sínú abọ́ tó fẹ̀. Ẹ da ṣúgà ṣíbí ńlá mẹ́ta sí i, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí kékeré, mílíìkì ẹlẹ́bu ṣíbí ńlá mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì rin nutmeg díẹ̀ sí i tẹ́ ẹ bá ní in. Ẹ pò wọ́n pọ̀ ní gbígbẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá gbẹ́ ihò sáàárín, ẹ fọ́ ẹyin méjì sí i, ẹ da bọ́tà tẹ́ ẹ ti yọ́ sí i, ṣíbí ńlá méjì.

Omi tó máa gbà jẹ́ bíi kọ́ọ̀pù kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, àmọ́ ẹ má dà á sí i tán lẹ́ẹ̀kan o! Ibi tí kókó ti ń wọnú ẹ̀ nìyẹn. Ṣé ẹ mọ bá a ṣe ń po ògì, tó jẹ́ pé omi tútù díẹ̀ la kọ́kọ́ fi ń yọ́ ọ kí omi gbígbóná tó dé bá a, bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí. Ẹ da omi díẹ̀ sí i, kó ki dáadáa, ẹ pò ó títí kókó á fi tán nínú ẹ̀, nígbà tó bá ki ni kókó ń fọ́, tó bá ti ṣàn tán kókó á kàn máa sá fún ṣíbí yín kiri inú abọ́ ni. Ìgbà tó bá ti dán lẹ wá ń da omi tó kù sí i díẹ̀díẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ṣàn ju ẹ̀kọ mímu lọ díẹ̀. Ẹ ti ṣíbí bọ̀ ọ́, ẹ yọ ọ́, tó bá bo ẹ̀yìn ṣíbí tó sì ń kán sílẹ̀ láìdúró, ó ti tó.

Wàyí o, ẹ fi sílẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú, ọgbọ̀n tẹ́ ẹ bá lè ní sùúrù. Fláwà á ráyè mu omi, ohun kan tún wà nínú àlìkámà tí wọ́n ń pè ní gluten, òun ló máa ń jẹ́ kí búrẹ́dì fà, tẹ́ ẹ bá ti po fláwà púpọ̀ á le bí okùn tí wọ́n fà, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ á dẹ̀. Ẹni tí kò bá jẹ́ kó sinmi, páńkéèkì ẹ̀ máa ń fà bíi rọ́bà, á sì máa súnkì nínú páànù. Àsìkò yẹn náà lẹ máa fi rẹ́ àlùbọ́sà kékeré kan àti ata rodo ìdajì. Kó wẹ́ o, kó wẹ́ gidi, torí àlùbọ́sà tó bá tóbi, ibẹ̀ ni páńkéèkì ti máa ya tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí i. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán láti gbé páànù kaná lẹ tó dà wọ́n sí i.

Àwọn kan á ní kí lata ń ṣe nínú nǹkan tó ní ṣúgà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ yọ ọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ yọ ọ́ pàápàá tí ọmọ kékeré bá máa jẹ níbẹ̀. Àmọ́ ṣúgà àti ata àti àlùbọ́sà tí iná ti kàn, ẹ̀yin ẹ tọ́ ọ wò nígbà tí òjò bá ń rọ̀.

Iná kò gbọdọ̀ pọ̀, kó wà láàárín méjì. Ẹ pa páànù lóróró, ẹ dúró kó gbóná, ẹ wá gbé páànù sókè kúrò lórí iná, ẹ bu ìgbákọ kan sí àárín, kẹ́ ẹ yára yí ọwọ́ kó lè ṣàn kárí. Ẹ dá a padà sórí iná. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín, ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ máa wo ojú ẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ á máa dán bí omi, tó bá yá dídán yẹn á lọ, etí ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ká sókè fúnra ẹ̀, ìgbà yẹn ló ń sọ fún yín pé òun ti ṣe tán. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀. Ẹ ti ṣíbí pẹlẹbẹ bọ abẹ́ ẹ̀, ẹ yí i, ojú kejì ò tiẹ̀ ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, bí ìdajì ìṣẹ́jú ti tó.

Ti àkọ́kọ́ máa ń bàjẹ́. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, ti gbogbo èèyàn ló ń bàjẹ́, páànù ò tíì gbóná kárí, òróró náà ò tíì mọ àyè ara ẹ̀. Ẹ dín in kékeré, ẹ tọ́ ọ wò, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá iyọ̀ ti pọ̀ jù, bóyá ó ki jù, tó bá ki jù ẹ fi omi ṣíbí ńlá méjì sí i. Nílé wa ti ẹni tó ń dáná ni ti àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó ń bá a du ú.

Ti Amẹ́ríkà: èyí tó wú

Èyí ni ti àárọ̀ Sátidé tí kò síbi tẹ́ ẹ fẹ́ sáré lọ. Ó máa ń gba ìjókòó, ó máa ń gba tíì ńlá, kò ṣeé dì sínú ọ̀rá kéèyàn máa jẹ ẹ́ lọ nínú bọ́ọ̀sì bíi tiwa.

Ohun tó ń mú un wú ni béékìn páódà, ẹ jẹ́ ká mọ iṣẹ́ tó ń ṣe kẹ́ ẹ má bàa kàn máa bù ú sí i. Béékìn sódà àti ásíìdì gbígbẹ ni wọ́n pò sínú ẹ̀, pẹ̀lú sítáàṣì tí kì í jẹ́ káwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó tó àsìkò. Tí omi bá ti kàn wọ́n, afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde, ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà sì máa ń tú u lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà tí omi kàn án àti ìgbà tí iná kàn án. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń di ihò kéékèèké inú páńkéèkì. Ìdí nìyẹn tí kò fi dáa kẹ́ ẹ pò ó tán kẹ́ ẹ wá lọ gba ìpè fún wákàtí kan, ẹ máa dé bá a, gbogbo afẹ́fẹ́ ti lọ. Tí agolo béékìn páódà yín bá ti pẹ́ nílé, ẹ bu ṣíbí kékeré kan sínú omi gbígbóná ìdajì kọ́ọ̀pù, tó bá hó ṣùùù, ó ṣì wà láàyè. Tó bá kàn jókòó síbẹ̀ tó ń wò yín, ẹ dà á nù.

Fláwà kọ́ọ̀pù kan àtààbọ̀, béékìn páódà ṣíbí ńlá kan, ṣúgà ṣíbí ńlá méjì, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí kékeré. Nínú abọ́ míì, mílíìkì kọ́ọ̀pù kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹyin kan, bọ́tà yíyọ́ ṣíbí ńlá mẹ́ta. Ẹ da olómi sínú gbígbẹ, ẹ rò ó bí ìgbà mẹ́wàá sí méjìlá, ẹ dáwọ́ dúró.

Mo ní ẹ dáwọ́ dúró. Kókó ṣì máa wà nínú ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibí lọwọ́ àwa ti máa ń bà á jẹ́, torí pé àkàrà ni wọ́n fi kọ́ wa, tó jẹ́ pé àfi kéèyàn lù ú títí apá á fi máa ro ó kí afẹ́fẹ́ lè wọnú ẹ̀. Ẹ̀wà ò ní gluten, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè lù ú kó le. Fláwà ní in. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń lù ú tó bẹ́ẹ̀ náà láá ṣe máa le tó, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gbé e sókè náà á sì ti sá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dín in, bí àkàrà ni mo ṣe lù ú, ó jáde bí bàtà.

Ẹ jẹ́ kó jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ẹ wẹ páànù, iná tó kéré díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, ẹ ta omi kán sí i, tó bá ń jó kiri kó tó gbẹ, ó ti gbóná, tó bá dákẹ́ síbẹ̀, kò tíì tó. Ẹ bu bí ìdá kan nínú mẹ́rin kọ́ọ̀pù sí i, ẹ má yí páànù, ẹ má tẹ̀ ẹ́ kó fẹ̀, òun fúnra ẹ̀ á jókòó bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú méjì ẹ máa rí i tí ihò kéékèèké á máa yọ lójú ẹ̀. Tí ihò bá ń bẹ́ tó tún ń pa dé, ẹ dúró. Tó bá bẹ́ tí ò pa dé mọ́, ẹ yí i. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa yí i, ẹ ò sì gbọdọ̀ fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mi ò mọ ẹni tó kọ́ àwọn èèyàn níyẹn, gbogbo wíwú tẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ fún lẹ ń tẹ̀ jáde yẹn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà tún máa ń lo mílíìkì kíkan tí wọ́n ń pè ní buttermilk. Kò sí i lọ́jà wa, àmọ́ ẹ fi omi lẹ́mọ́ọ̀nù tàbí fínígà ṣíbí ńlá kan sínú mílíìkì kọ́ọ̀pù kan, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á dì díẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni nónò lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní, èyí tí wọn ò tíì fi ṣúgà sí, ẹ sè é díẹ̀ kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù tí ọkàn yín ò bá balẹ̀. Tó bá ti jẹ́ mílíìkì kíkan lẹ lò, ẹ fi béékìn sódà ààbọ̀ ṣíbí kékeré kún un fún kọ́ọ̀pù kan, kẹ́ ẹ dín béékìn páódà kù sí ṣíbí kékeré kan àtààbọ̀. Kíkan yẹn àti sódà ni wọ́n máa jọ ṣiṣẹ́, ó máa ń rọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Àwọn ará Scotland náà ní tiwọn tó jọ èyí, ó kéré díẹ̀, drop scones ni wọ́n ń pè é. Òun ni Ọbabìnrin Elizabeth Kejì kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sínú lẹ́tà sí Eisenhower, Ààrẹ Amẹ́ríkà, ní oṣù kìíní ọdún 1960, torí ó ti ṣèlérí ẹ̀ fún un nígbà tí ọkùnrin náà wá kí wọn ní Balmoral lọ́dún tó ṣáájú. Ìwọ̀n èèyàn 16 ló kọ síbẹ̀, ó wá ní tí èèyàn ò bá tó bẹ́ẹ̀, fláwà àti mílíìkì lòun máa ń dín kù, òun ò fọwọ́ kan àwọn yòókù. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé bí ìyá èyíkéyìí ṣe máa ṣàlàyé fún aládùúgbò nìyẹn, pẹ̀lú adé lórí.

Ti àwọn ará Britain: lẹ́mọ́ọ̀nù àti ṣúgà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló kọ́ mi ní èyí lórí fóònù. Wọ́n ní ọjọ́ fún un níbẹ̀, Túsìdeè tó ṣáájú Ọjọ́rú Eérú, ọjọ́ 47 kó tó di Ọdún Àjíǹde. Ní 2026 ó bọ́ sí ọjọ́ 17 oṣù kejì. Láyé àtijọ́, àwọn Kristẹni ibẹ̀ kì í jẹ ẹyin, mílíìkì àti bọ́tà nínú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, torí náà kí wọ́n má bàa jẹ́ kó bàjẹ́ ni wọ́n fi ń pò ó pọ̀ mọ́ fláwà kí wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ní ìlú kan tó ń jẹ́ Olney, àwọn obìnrin máa ń fi páànù lọ́wọ́ sáré ìje lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní 1445 ló ti bẹ̀rẹ̀, obìnrin kan ló ń dín páńkéèkì lọ́wọ́ tó gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ló bá sáré jáde tòun ti páànù. Mo mọ irú obìnrin yẹn. Ó kún ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Tiwọn jọ tiwa gan-an, kódà ó fẹ́lẹ́ ju tiwa lọ. Fláwà gíráàmù 100, ẹyin méjì, mílíìkì 300ml, iyọ̀ tín-ín-rín, òróró ṣíbí ńlá kan. Kò sí ṣúgà nínú ẹ̀ rárá, ìta ni ṣúgà ń wà. Ẹ pò ó bẹ́ ẹ ṣe po tiwa, ẹ jẹ́ kó sinmi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, páànù gbọ́dọ̀ gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ da ìwọ̀nba tó máa bo ìsàlẹ̀ páànù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, tó bá ṣẹ́kù nínú páànù ẹ yí i padà sínú abọ́. Ìṣẹ́jú kan, ẹ yí i, ìdajì ìṣẹ́jú, ó ti jinná. Bó ṣe ń gbóná lẹ ṣe máa wọ́n ṣúgà lé e, ẹ fún lẹ́mọ́ọ̀nù sí i, ẹ ká a. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà á ṣe é, ó kàn kan ju lẹ́mọ́ọ̀nù lọ ni.

Wọ́n máa ń jù ú sókè nínú páànù kó yí padà fúnra ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dán an wò lójú fídíò, ti àkọ́kọ́ bọ́ sórí ilẹ̀, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ gáàsì, a rẹ́rìn-ín títí dátà mi fi tán. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọjọ́ yẹn gan-an ni òtútù àti àárò ilé ti fẹ́ pa òun, òun ò sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ìdí tóun fi pè nìyẹn. Ó ní òun rẹ́ àlùbọ́sà àti ata sínú èyí tó kù nínú abọ́.

Tí kò bá sí fláwà, tàbí tẹ́ ẹ ò fẹ́ ẹ

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó ti pọ́n rọ̀, ẹyin méjì, iyọ̀ díẹ̀, ẹ fi fóòkì tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn dáadáa, ẹ lu ẹyin mọ́ ọn, ó parí. Ẹ dín in kékeré kékeré, kó má ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ lọ, lórí iná tó kéré jù, torí kò sí fláwà tó máa dì í mú, ó máa ń ya tó bá tóbi, ṣúgà ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sì máa ń yára jóná. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ó tó ti fláwà. Àmọ́ ó ń ṣe àǹfààní fún ẹni tí àlìkámà ò bá lára mu, ó sì ń gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ sọ nù là.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti dúdú tán, tí kò ṣeé fi ṣe dòdò mọ́, ìyẹn ni àwọn ará Ghana fi ń ṣe tatale, wọ́n á gún un mọ́ àlùbọ́sà, ata àti atalẹ̀, wọ́n á fi ìyẹ̀fun àgbàdo díẹ̀ mú un ki, wọ́n á dín in lépo. Àwa náà ní mọ́sà. Àwọn Hausa ní wàínà tí wọ́n ń fi ìrẹsì tí wọ́n rẹ, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n jẹ́ kó kan, ṣe nínú ìkòkò oníhò, ẹ máa rí i n'Ílọrin dáadáa. Ìyẹn á gba ọjọ́ tiẹ̀. Mo kàn dárúkọ wọn kẹ́ni kankan má sọ pé òyìnbó ló kọ́ wa kéèyàn da nǹkan olómi sórí páànù gbígbóná.

Ohun tẹ́ ẹ máa fi jẹ ẹ́, àti èyí tó bá ṣẹ́kù

Tiwa ò nílò nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹyin díndín, sàdíìnì, tàbí ata díndín tó kù lánàá, kẹ́ ẹ ká a mọ́ inú ẹ̀. Ti Amẹ́ríkà ló ń bèèrè nǹkan dídùn, maple syrup ni wọ́n ń dà lé tiwọn, omi inú igi ni wọ́n ń sè títí á fi ki, ó sì wọ́n bí ojú. Oyin tó dáa ò burú rárá. Tí kò bá sí oyin, ẹ sè ṣúgà kọ́ọ̀pù kan nínú omi ìdajì kọ́ọ̀pù bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i kó má bàa dì padà, ẹ jẹ́ kó tutù, á ki fúnra ẹ̀.

Èyí tẹ́ ẹ pò tí kò tán, tiwa àti ti Britain lè sun fíríìjì mọ́jú, ẹ bò ó, ẹ rò ó dáadáa láàárọ̀ kẹ́ ẹ sì fi omi díẹ̀ sí i. Tí kò bá sí iná, ẹ dín in tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹyin tútù àti mílíìkì kì í dúró de iná. Ti Amẹ́ríkà ò gbọdọ̀ sùn, ẹ ti mọ̀dí.

Èyí tẹ́ ẹ ti dín, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó bò ó, ooru ló ń sọ ọ́ di rírọ̀ jọ̀bọ̀. Ẹ fi bébà sáàárín wọn tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó o sí fírísà kí wọ́n má bàa lẹ̀ mọ́ra. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, páànù gbígbẹ, iná kékeré, ẹ dé e lọ́mọrí, ìṣẹ́jú kan lójú kan, ìṣẹ́jú kan lójú kejì. Ẹ má da òróró míì sí i.